Òkú Tí Yunifásítì Béèrè

Inú ilé ooru ni Arvo Rautio wà, tó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n gbé ka iná, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀ dé.

Sátidé ni. Ní Korpi, ìlú àwọn awakùsà irin, bí ọ̀sán Sátidé bá ti pọ́n, gbogbo ilé ọmọ Finn ló máa ń rú èéfín lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á dáná sábẹ́ òkúta nínú ahéré onípákó, wọ́n á bu omi lé òkúta náà lórí, wọ́n á jókòó sínú ooru rẹ̀ ní ìhòòhò ọmọlúàbí, wọ́n á sì máa ro ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Arvo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ tó kù sí i lọ́rùn kò tó nǹkan mọ́, síbẹ̀ kì í yára jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́ nígbà tí Bernice Lundeen tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

LuAnn, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló lọ ṣílẹ̀kùn. Bernice dúró lórí yìnyín àkọ́já, ó gbé àwo gíláàsì ńlá kan dání tó fi aṣọ ìnuwọ́ wé. LuAnn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i: ẹran lílọ̀, ọbẹ̀ olú inú agolo, àti pòtétò kéékèèké tí wọ́n tò sójú rẹ̀ ní ìlà-ìlà bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ọ̀gá. Họ́tídíìṣì ni. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Minnesota, irú ènìyàn méjì ni wọ́n máa ń gbé họ́tídíìṣì wá bá lẹ́nu ọ̀nà láìṣe pé ó béèrè: ẹni tó bímọ, àti ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. LuAnn kò sì lóyún.

"A ti gbọ́, LuAnn," ni Bernice wí, ojú bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. "Kò sí ọ̀rọ̀ tó tó o. Ẹ kú ìrọ́jú. Àgbàlagbà ni, àmọ́ a kì í torí pé ìyá tàbí bàbá dàgbà ká ní kó máa lọ."

Kí ló yẹ kí LuAnn sọ? "Bernice, ta ló kú?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kékeré lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Korpi, bí àlejò bá dúró sínú òtútù pẹ̀lú àwo gbígbóná lọ́wọ́, a kì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Àwo la kọ́kọ́ ń gbà. Bí wọ́n ṣe tọ́ LuAnn nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Bernice. Ẹ ò bá má ti da ara yín láàmú."

Ó parí. Ẹni tó bá ti dúpẹ́ oúnjẹ òkú ti sin òkú náà. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, ká máa wá aṣọ ìnulẹ̀ ló kù.

LuAnn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ta ló pa Arvo. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á, lórí tábìlì ìdáná òun fúnra rẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Tessa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé ìwé girama, ló fi láptọ́ọ̀pù pa á. *Nígbà tí òtútù àyà pa bàbá bàbá mi, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi tutù.* LuAnn kà á. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó ní kí ọmọ náà lọ fọ abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kí Ashgrove kí n tó máa lọ, kí wọ́n má bàa ní mo tàbùkù ẹni ńlá. Ashgrove, yunifásítì ìlà oòrùn! Ọmọ ògiri tí ewé ń gùn bí ọmọdé ń gun ìyá. Akọ̀-ogún-gba-ẹyọ-kan. Agbàlejò tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tálákà, omijé nìkan ló ń gbà, kò sì gba ayédèrú, àfi tí wọ́n bá dá a dáadáa. Kó tó béèrè ohun tí ọmọ mọ̀, á kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe ọmọ. "Sọ fún wa nípa àdánù ńlá kan tó bá ọ, àti bí o ṣe borí rẹ̀." Àròkọ ni wọ́n fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń bi. Bí ìyá àti bàbá ọmọ bá ti fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ kí àdánù má bàa bá ọmọ wọn ńkọ́? Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn. Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá wa sáyé kí wọ́n tó dá ìbéèrè yìí sílẹ̀.

Ẹni tí Ashgrove bá sì gbà, ó gbà á tán: ibùsùn, oúnjẹ, ìwé, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá gbà, a rí i. Ní ilé Rautio, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé iṣẹ́ kùsà ti ní kí Wade, ọkọ LuAnn, lọ jókòó sílé ná. "Ná" yẹn sì ti ń hu irùngbọ̀n. LuAnn ló ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, òun ló sì ń bọ́ wọn. Bí Ashgrove kò bá gba Tessa, kò sí yunifásítì mìíràn tí ọwọ́ wọn tó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí gan-an ni Ashgrove máa ti ilẹ̀kùn.

Bernice kò tíì bọ́ bàtà tán tí Dolores Skubic fi dé, òun pẹ̀lú búrẹ́dì kíká tí wọ́n fi èso àti oyin sí láàárín, irú èyí tí àwọn ọmọ Slovene máa ń ṣe nígbà ọdún àti nígbà òkú. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gígùn, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọwọ́ lórí itan.

"Ta ló sọ fún yín?" ni LuAnn rọra béèrè.

"Àdúrà ni," ni Bernice dáhùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀. Ìjọ Luther tí wọ́n ń lọ ní àdúrà kan tó ń fi fóònù rìn. Ẹnì kan á gbàdúrà, á pe ẹnì kejì, ẹnì kejì á gbàdúrà, á pe ẹnì kẹta. Bó bá jáde ní òwúrọ̀, á ti yí ìlú po kó tó di ọ̀sán, á sì ti sanra lójú ọ̀nà. Dolores kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Luther, Kátólíìkì paraku ni. Àdúrà náà fo ògiri lọ bá a.

"Wọ́n ní ọwọ́ Tessa ló kú sí," ni Dolores wí. "Wọ́n ní orin ìsìn ló ń kọ lédè Finn títí ẹ̀mí fi bọ́."

LuAnn mọ̀ nípa ti ọwọ́. Ti orin yìí, àdúrà ló fi kún un.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé kọfí wá," ló ní, ó sì sá wọ ìdáná.

Wade ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láti ibi tó ti ń tún alùpùpù orí yìnyín rẹ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo. "Ta ló ni bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà wa?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Bernice àti Dolores ni. Ìwọ ni wọ́n wá kí."

"Kí ni wọ́n ń kí mi fún?"

"Bàbá rẹ kú."

Wade yíjú sí fèrèsé. Èéfín ń jáde lórí ilé ooru. "Ìgbà wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igi lọ fún un báyìí ni. Ó ní tútù ni igi náà, ó ní mi ò lọ́gbọ́n."

Ibẹ̀ ni Tessa ti jáde láti yàrá rẹ̀, láptọ́ọ̀pù ní àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ojú rẹ̀ ti funfun. "Dádì, orí ìwé nìkan ni."

"Kí ló jẹ́ orí ìwé nìkan?"

Wọ́n sọ fún un. Wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ẹni tó wá kẹ́dùn wà lẹ́yìn ògiri, Wade sì ń dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, ìbínú wúyẹ́wúyẹ́ sì burú ju ti ariwo lọ.

"O pa bàbá mi."

"Agbaninímọ̀ràn ilé ìwé ló ní àkọ́kọ́ tí mo kọ kò dùn wọ́n! Bí Ukki ṣe kọ́ mi láti dáná ilé ooru ni mo kọ nípa rẹ̀." Ukki ni Tessa ń pe bàbá àgbà. "Mísíìsì Halvorsen ní ó dára, ó ní ó tiẹ̀ pa òun lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n, ó ní, 'ibo ni ìrora wà?'"

"Ṣebí èmi wà níbẹ̀! Èmi tí ilé iṣẹ́ kùsà tì síta. Kí ló dé tó ò kọ nípa tèmi?"

"Ẹ ní bí mo bá kọ ọ́, ẹ máa ju láptọ́ọ̀pù mi sínú adágún!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú mi kì í ṣe ọjà."

"Mo wá bi Mọ́mì bóyá kí n kọ nípa ọmọ tó... èyí tí kò dúró."

LuAnn ń da omi sínú ẹ̀rọ kọfí. Kò yíjú padà. "Tèmi nìyẹn," ló wí. "Ẹnikẹ́ni kò ní máa kà á nídìí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀."

"Ẹ gbọ́? Gbogbo yín lẹ kọ̀. Ukki nìkan ló kù."

Àbí kí ni ká ti wí? Nínú ilé tí olúkúlùkù ti fi ẹ̀wù bo egbò rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n mú lọ ta.

"Bọ́ síta kó o lọ sọ fún wọn pé ó wà láàyè," ni Wade sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lọ. Bàbá rẹ ni."

"Ìwọ lo gba àwo."

"Ìwọ lo bí i."

"Bàbá mi? Òun ló bí mi!"

"Tessa ni mò ń sọ!"

Kò sẹ́ni tó lọ. Wọ́n gbé kọfí jáde. Wade fọ ọwọ́, ó lọ jókòó níwájú àwọn obìnrin náà, wọ́n ní kó rọ́jú, ó ní òun ń gbìyànjú. Kò sì parọ́.

Wọ́n ti ń sọ bí Arvo ṣe lawọ́ tó, Dolores sì ti dé ibi ẹja tó fún ọkọ òun nígbà kan, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, tí òkú náà gba àárín wọn kọjá.

Aṣọ ìnura ni ó so mọ́ ìdí, kò sí nǹkan mìíràn. Ara rẹ̀ pọ́n bí edé. Láti orí dé èjìká ni ooru ti ń rú lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde. Dolores ṣe àmì àgbélébùú. Bernice kò mira. Ife kọfí rẹ̀ ló dúró láàárín ẹnu àti itan.

"Bernice," ni Arvo wí.

"Arvo."

"Dolores."

Dolores tún ṣe àmì àgbélébùú.

"Yìnyín ti dé," ni Arvo wí.

"Ó ti dé," ni Bernice dáhùn. "Wọ́n ní ó tún máa já sí i lọ́la."

Ọkùnrin náà wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń retí pé kẹ́nì kan fò dìde, kó ké, kó ní "Kí lojú mi rí yìí?", ẹ ò tíì gbé Korpi rí. Bernice mu kọfí rẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó wo LuAnn. Ó kúkú rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó tutù ju ìta lọ, ó ní, "Ojú rẹ̀ dáa."

"Ó ń jẹun," ni LuAnn wí. Ilẹ̀ kò lanu gbé e mì.

Arvo padà wá pẹ̀lú ẹ̀wù òwú lọ́rùn, ó jókòó, ó ṣí àwo tó wà lórí tábìlì. "Họ́tídíìṣì! Ta ló kú?"

Wade ń wo àjà.

"Ẹnì kan tó o mọ̀," ni Bernice wí níkẹyìn.

"Ó mà ṣe o. Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"A ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tá a ti jókòó."

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ni Arvo wí, ó sì bu oúnjẹ tó kún abọ́.

Aago ẹnu ọ̀nà tún dún. Pat Halvorsen ni, agbaninímọ̀ràn ilé ìwé, obìnrin tó máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ìlú kejì ló ń gbé, kò mọ Arvo rí. Òun ni wọ́n ní dandan kó ka àròkọ Tessa, kó sì kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tẹ̀ lé e. Bó ṣe kà á tán ló sunkún, bó ṣe sunkún tán ló pe àwọn aládùúrà. Inú rere ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú tó wá fi ata sẹ́nu, òun náà kò ṣáà lérò ibi.

Ó gbé òdòdó funfun lọ́wọ́. Ó dì mọ́ LuAnn. Ó dì mọ́ Wade. Nígbà tó yíjú, ó rí àgbàlagbà kan tó ń jẹ pòtétò.

"Àbúrò olóògbé ni?" ló bi LuAnn sétí.

LuAnn fà á wọ ìdáná.

Nígbà tó gbọ́ ọ tán, Pat fa àga, ó jókòó. Ohun tó wá tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ṣé ara rẹ̀ yá pátápátá?"

"Ta ni?"

"Bàbá náà. Ṣé kò ní àìsàn kankan? Jẹjẹrẹ ńkọ́? Ìgbàgbé? Ìgbàgbé wọ́pọ̀ lọ́dún yìí, àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa, wọ́n ṣì ń gbà á."

"Orúnkún ń dùn ún," ni Tessa wí.

"Orúnkún kò tó."

"Ẹ̀gbẹ́ òsì etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́," ni Wade tó tẹ̀ lé wọn wọlé wí. Ẹ̀gàn ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Pat rò ó wò, ó sì mi orí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹja tó ti rà hàn.

"Ẹ gbọ́ mi," ló ní. "Lẹ́tà mi ti lọ lánàá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí ń gbégbá orókè ní kíláàsì pẹ̀lú òkú nínú ilé. Bó bá fi òmíràn ránṣẹ́ báyìí, ohùn wa ò ní jọra, wọ́n á ju àwa méjèèjì nù."

"Ẹ lè yí i padà?" ni LuAnn bi í.

"Mo lè yí i títí di aago márùn-ún. Orí fóònù mi náà ló wà. Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ? Pé mo jẹ́rìí ikú tí mi ò wádìí? Wọn ò tún ní gba ẹnikẹ́ni láti ilé ìwé wa mọ́. LuAnn, mi ò ní kí ẹ parọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ó ti kú ná. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ ti ìlà oòrùn wá wò ó?"

Ohun tí LuAnn ti sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní kí ọmọ lọ fọ abọ́ gan-an nìyẹn. Ó burú kéèyàn gbọ́ èrò ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Arvo wọlé pẹ̀lú abọ́ tó ti ṣófo. Tessa dìde bá a. "Ukki, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dárí kí ni? Èmi náà ni mo ní kó o pa mí."

Wade di ẹ̀yìn àga mú. "Ẹ wí kí ni?"

"Ọmọ náà bi mí. Ẹ̀yin ni ẹ ò bi mí. Ó ń sunkún nínú ilé ooru, mo ní kí ló dé, ó ní wọ́n fẹ́ òkú, mo ní ó dáa, mo ti dàgbà, èmi nìyí." Ó gbé abọ́ sínú àwo ìfọbọ́. "Bí ikú mi bá lè ra nǹkan, ẹ jẹ́ n rà á nígbà tí mo ṣì lè jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe báyìí?" ni Tessa bi í. "Ó ti ń lọ sí aago márùn-ún. Ukki, kí ni kí n fi ránṣẹ́?"

Arvo nu ọwọ́ rẹ̀. "Òkú kì í dáhùn," ló wí, ó sì jáde lọ.

Ọmọ náà wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì. Ṣé kí n jẹ́ kó kú?"

Ẹ má bínú sí LuAnn pé kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí ọṣẹ ilé ìwòsàn ti bó. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ògiri eléwé yẹn, ìwé lábẹ́ apá, kò sí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí láéláé. Gbólóhùn kan péré ló wà láàárín àwọn àti ibẹ̀. Ó gbàdúrà, ó ní Olúwa, bí o bá fẹ́ kí n ṣe ohun tó tọ́, kí ló dé tó o fi gbé e sí ibi tó wọ́n báyìí? Ọlọ́run náà, bí ará Korpi, kò sọ̀rọ̀.

LuAnn jáde sí pálọ̀.

"Bernice. Dolores. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ."

Ní ìlú yẹn, ariwo iná kì í dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé ife sílẹ̀.

"Arvo ò kú."

Wọ́n wo Arvo tó ń gé búrẹ́dì Dolores. Wọ́n padà wo LuAnn. Wọ́n ń fi sùúrù bá a lò.

"Ọmọ mi ló kọ ọ́ pé ó kú, kí Ashgrove lè gbà á. Èmi ka ìwé náà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì dákẹ́. Mo tún gba àwo yín, mo dúpẹ́." Ó na ọwọ́ sí Arvo. "Òkú ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa. A ò ní òkú. Ààyè la ní."

Ọ̀bẹ Arvo dúró nínú búrẹ́dì. Pat ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, Tessa lẹ́yìn rẹ̀.

Dolores ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń bá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́. "Devin, ọmọ Carol ọmọ mi. Èyí tó wà ní yunifásítì ní Chicago. Ó kọ ọ́ pé ọ̀mùtí ni ìyá òun."

"Carol?" ni LuAnn wí. "Carol tí kì í fi ẹnu kan wáìnì oúnjẹ Olúwa?"

"Òun náà. Ó ní òun ló máa ń gbé e kúrò nílẹ̀ lóròòru."

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Kíákíá."

Bernice ń tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí itan rẹ̀, ó ń ká a, ó tún ń tẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe, a kò gbọ́ ohun tó sọ yìí rí.

"Lílù ni wọ́n fi tèmi ṣe," ló wí.

"Kí lẹ lù?"

"Ọmọbìnrin mi. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú àròkọ. Ó ní bẹ́líìtì ni mo fi ń lu ìyá òun nígbà tó wà ní kékeré, pé ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ tọ́ ọmọ tirẹ̀. Àròkọ tó dùn ni. Wọ́n kà á fún mi." Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un, gbogbo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí mi ní Kérésì. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Tàbí bóyá òun náà ti gbà á gbọ́."

Dolores gbé ojú sókè, Bernice gbé ojú sókè, Wade náà yíjú, ojú gbogbo wọn sì bọ́ sára Pat Halvorsen ní ẹnu ọ̀nà ìdáná. Ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà ní àgbègbè náà. Agbaninímọ̀ràn kan ṣoṣo ló ní. Ọwọ́ kan náà ló jẹ́rìí sí ọ̀mùtí, òun ló jẹ́rìí sí bẹ́líìtì. Wọn kò bú u. Bernice tiẹ̀ ní, "Ẹ ò tíì mu kọfí, Pat." Ilé ẹjọ́ mìíràn a máa ní adájọ́, ní Korpi, wọ́n á fi kọfí lọ̀ ọ́.

Ọrùn Pat pọ́n dé etí. Ó yọ fóònù jáde.

"Bí mo bá yí i," ló wí, "wọ́n lè má gbà á o. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Àwọn tó ń ka ìwé yìí, wọ́n ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, wọn kì í rántí rẹ̀."

"A gbọ́," ni LuAnn wí.

Ìka obìnrin náà ń rìn lórí fóònù. Tessa jókòó sí tábìlì ìdáná. LuAnn dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ka ìlà àkọ́kọ́ nínú àròkọ tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ: *Ukki ní ẹni tó bá ń kánjú kò lè dáná ilé ooru.* Kò sí òkú níbẹ̀. Igi gbígbẹ ló wà níbẹ̀, àti òkúta, àti àgbàlagbà kan tó ń bínú pé ọmọ òun kò mọ igi yàn. Ó pa LuAnn lẹ́rìn-ín níbi méjì. Ó dára. Ó dára ju èyí tí wọ́n fi pa á lọ fíìfíì, kò sì ní ta.

"Mọ́mì?"

Ọwọ́ LuAnn wà léjìká ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ọmọ náà á dúró. Kò tẹ̀ ẹ́.

Tessa fi ránṣẹ́.

Ní pálọ̀, àwọn àlejò ti ń wá bàtà wọn. Arvo ti padà sórí họ́tídíìṣì, ó ń fi ṣíbí họ ìdí àwo. Bernice dúró dè é, nítorí àwo rẹ̀ ni.

"Jẹ ẹ́ tán, Arvo," ló wí. "Jẹ ẹ́ yó. Torí ọjọ́ tó o bá wá kú lóòótọ́, má fojú sọ́nà fún nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ti san tèmi."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni Arvo wí. "Iyọ̀ rẹ̀ ló kéré."

Wade ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Dolores tẹ̀ lé e, Pat pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. LuAnn bá wọn rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bá wọn juwọ́ títí ọkọ̀ wọn fi ṣí. Lẹ́yìn náà ló padà sí ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ kó lè pariwo, ó sì sunkún lórí abọ́ tí kò tíì fọ̀. Ẹkún gidi ni, ojúlówó, kò lábùlà rárá. Ashgrove ì bá san owó gidi lé e, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ti lù, wọ́n ti pa ọjà dé.